Ẹyẹ Olórùka



Àwa méjì tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá ni wá, Igbókọ̀dá ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dé ìlú náà rí mọ̀ pé kò sí létí òkun gan-an. Èbúté odò ni. Nígbà èwe wa, ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò ti máa ń tán, tí ọ̀nà omi yóò sì gbà á. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ayétòrò tàbí Awóyè, inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀, yóò máa la àárín koríko omi kọjá, àti àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn, títí atẹ́gùn oníyọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lù ú lójú. Edé àti ẹja gbígbẹ ni bàbá wa ń rà níbẹ̀ wá sí ọjà Igbókọ̀dá. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, tí Alfa sì ti yọ̀ǹda wa ní ilé kéwú, wọ́n á mú wa dání. Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, kí a sì máa ṣọ́ agbọ̀n edé kí omi má baà ta sí i.

Etí òkun tiwa kò rí bí ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ Àgbádárìgì tàbí Lẹ́kkí, iyanrìn funfun àti igi àgbọn ni yóò máa rò pé òun yóò bá níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni tiwa. Ẹrẹ̀ dúdú, rírọ̀, tí ń mu ẹsẹ̀ dé orúnkún, tí ó sì nà tó bí kìlómítà 75, láti ibi tí iyanrìn ìhà Lẹ́kkí ti tán títí dé ẹnu odò Benin. Àwọn àlejò kì í kà á sí. Bàbá wa pàápàá, tí wọ́n jẹ́ ará òkè, a máa sọ pé àwọn kò mọ ohun tí ènìyàn lè fi irú ẹrẹ̀ báyìí ṣe.

Àwọn ẹyẹ mọ̀ ọ́n. Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn ní òwúrọ̀, tí ẹrẹ̀ náà sì ń dán bí àwo, wọn a máa rọ́ wá. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí ó tẹ̀ wálẹ̀ bí dòjé, a máa ti ẹnu bọ ihò alákàn. Èyí kékeré tí ń ju ìdí sókè sódò bí ẹni tí ó fẹ́ jó a máa ṣa kòkòrò lórí ilẹ̀. Ọ̀kan wà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, aláwọ̀ eérú, tí yóò dúró láìmira títí ẹja yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Àrísìkí wọn kò pa ara wọn lára: ibi tí ẹnu tọ̀hún gùn dé, ti èyí kò dé ibẹ̀. Lékeléke náà a máa yà wò wọ́n, ṣùgbọ́n lékeléke kì í ṣe ẹyẹ òkun, màlúù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun sì ni gbogbo ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó wù wá jù nínú gbogbo wọn, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ òkun ni a ń pè é. Àyà rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ bí eérú tí a kù, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí sísọ́ọ̀sì. Ẹnu rẹ̀ dúdú, àfi ṣóńṣó rẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè. Ìyẹ́ dúdú orí rẹ̀ kò bo iwájú orí. Ó rí bí fìlà Alfa wa nígbà tí ooru bá mú wọn tí wọ́n sì tì í sẹ́yìn. Yóò máa fò lọ fò bọ̀ lókè omi, yóò dúró lójú kan, yóò sì ya orí sódò bí òkò, gbàà, ó ti bọ́ sínú omi, ó ti gbé ẹja jáde.

Àwọn ọmọ apẹja ni ó kọ́ wa bí a ti ń mú un. Wọ́n máa ń ri ọ̀pá mọ́ inú omi láti fi so àwọ̀n, orí àwọn ọ̀pá náà ni ẹyẹ yìí máa ń bà lé bí ó bá rẹ̀ ẹ́. A ó fi okùn ìpẹja tín-ínrín ta ojóbó sí orí ọ̀pá, a ó fa ìdí okùn náà wá sínú ọkọ̀, a ó sì dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ ojóbó, a ó fà á. Nígbà mìíràn a ó tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi han ara wa tán. Nígbà mìíràn bàbá wa yóò dú u, a ó sì sun ún jẹ. Ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan, òórùn ẹja sì ń rùn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?

Ní ìparí ọdún 1988, nígbà ìsinmi, a ta okùn bí a ti máa ń ṣe. Bàbá wa pè wá pé kí a wá ru agbọ̀n. A so ìdí okùn mọ́ ọ̀pá, a lọ, a sì gbàgbé. Ìgbà tí a padà dé ibẹ̀, òkun ti kún. A bá ẹyẹ kan tí ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, okùn ní ẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ nínú omi.

Nígbà tí a ń tú okùn náà ni a rí òrùka. Òrùka irin fúyẹ́fúyẹ́, kò tóbi ju oókan àgbàdo lọ, wọ́n sì fín lẹ́tà wínníwínní sí i lára. A wo ojú ara wa. Ẹyẹ tí ó ní òrùka, ẹyẹ tí ó ní olówó ni. A rò pé a ti pa ẹran ọ̀sìn ẹnìkan.

Ọjọ́ náà gan-an ni a padà sí Igbókọ̀dá, ilé Alfa ni a sì gbé e lọ, nítorí a ti gbìmọ̀ àwáwí lójú ọ̀nà. A ní, "Alfa, ṣebí ẹ ti kọ́ wa pé òkú inú òkun, ẹ̀tọ́ ni? Ẹyẹ òkun ni èyí, inú òkun náà ni ó sì kú sí."

Alfa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹja ni mo sọ. Ṣé ẹyẹ a máa mí nínú omi ni?" Wọ́n ní ẹni tí ó bá wọ aṣọ haramí ní Mẹ́kà, wọ́n yọ̀ǹda fún un kí ó pẹja, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dọdẹ ẹyẹ, bí ẹyẹ náà tilẹ̀ ń sùn lórí omi. Ẹyẹ tí a kò dú kí ó tó kú, òkúǹbete ni, kò ṣeé jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá pé ta ni ó pa á. A ní okùn ni. Wọ́n ní ta ni ó ta okùn? A kò lè fèsì.

Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ fún wa pé nínú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹyẹ tí ènìyàn bá pa láìní ohun tí yóò fi ṣe, yóò fi ẹjọ́ ẹni náà sun Ọlọ́hun ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àbúrò nínú àwa méjì bi Alfa bóyá ẹyẹ náà mọ orúkọ wa. Alfa kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí a lọ gbẹ́ ilẹ̀ kí a sì sin ín.

A sin ín sí ẹ̀yìn ilé, a sì yọ òrùka rẹ̀ pamọ́. Olùkọ́ kan nílé-ìwé ni ó bá wa ka ohun tí ó wà lára rẹ̀: nọ́ńbà gígùn kan, àti ọ̀rọ̀ pé kí ẹni tí ó bá rí i fi tó British Museum létí ní London. Olùkọ́ náà ní ká kọ lẹ́tà, pé àwọn yóò bá wa tún un kọ. Bàbá wa ní àwọn yóò ra sítáǹbù. Ọ̀la, ọ̀túnla, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A so òrùka náà mọ́ wàláà wa, ó ń dún gbinrin-gbinrin nígbà tí a bá ń kéwú. Nígbà tí a kó kúrò ní ilé náà, a kò rí i mọ́. A kò kọ lẹ́tà náà títí di òní.

Ìwé ni ó padà là wá lójú. Sandwich tern ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà lédè òyìnbó, orúkọ ìlú kan tí ń jẹ́ Sandwich ní ìpínlẹ̀ Kent ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibi tí ó ti ń pamọ ni orí òkìtì iyanrìn àti erékùṣù etí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti káàkiri Yúróòpù, bí irú Erékùṣù Farne ní Northumberland, tàbí Scolt Head àti Blakeney ní Norfolk. Kì í kọ́ ìtẹ́ bí ẹyẹ igbó. Yóò kàn fi ikùn wa kòtò pẹlẹbẹ kan sínú iyanrìn, yóò yé ẹyin rẹ̀ sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àfi bí ìdí ọjà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ lọ́hùn-ún, wọn yóò kó ọmọ wọn, wọn yóò máa tọ etí òkun wá sísàlẹ̀, Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà, ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn mìíràn a sì máa lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tún móoru, wọn yóò padà. Ẹyẹ yìí lè lo ju 20 ọdún láyé. Ẹ bá wa ṣírò iye ìgbà tí yóò ti lọ tí yóò sì ti bọ̀.

Ní ti òrùka, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Denmark, Hans Christian Mortensen, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka onínọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ ní 1899 kí a lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1909. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun ni wọ́n ń fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì lè fò. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé ẹnìkan gbé ẹyẹ tiwa sí àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí ó wà lọ́mọ, ó rọra de òrùka náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sínú ìwé, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ìlà kan ṣì ṣófo nínú ìwé náà. Àwa ni a mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ sí i.

Òpó ọ̀rọ̀ tí a ń gbé e bọ̀ nìyí. Ẹni tí ó bá wo ẹyẹ náà lórí ọ̀pá ní Ayétòrò yóò rò pé ẹyẹ Ìlàjẹ ni. Ará Norfolk náà yóò wò ó lórí iyanrìn rẹ̀, yóò ní ẹyẹ ìlú òun ni. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ilé kan ni ó kọ́ sí ibi púpọ̀, bí iyàrá kan nínú ilé náà bá wó, a kò lè sọ pé ìyókù kò mì. Ẹyẹ ẹlẹ́nu dòjé tí a sọ ṣáájú, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn kan lára ní Iceland, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sì fi hàn pé wọ́n fò láti ibẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 5 láìsinmi, kìlómítà 3,900 sí 5,500. Kò jẹ, kò mu, kò sùn lórí ilẹ̀. Bí ó bá gúnlẹ̀, eegun ló kù. Ohun tí ó ń bọ̀ wá jẹ ni alákàn inú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tí bàbá wa ní kò wúlò, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n.

Àlùkùránì ti sọ fún wa nínú Súúrà Al-An‘ām pé ìjọ ni àwọn ẹyẹ náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa ti jẹ́ ìjọ. A ti ka ibẹ̀ lórí wàláà ní àìmọye ìgbà, òrùka ẹyẹ ń dún lábẹ́ rẹ̀, kò sì wọ̀ wá lọ́kàn.

Ní báyìí òkun ń jẹ ẹrẹ̀ náà. Ó ń jẹ àwa ènìyàn pẹ̀lú. Ayétòrò tí àwọn onígbàgbọ́ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí gbogbo ayé ń wá wò nígbà kan nítorí bí wọ́n ti ń jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń jẹ, omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé-ìwé àti ibojì ibẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìgbì a máa ru iyanrìn láti ìhà ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀gbun jíjìn kan tí wọ́n ń pè ní Avon wà nísàlẹ̀ òkun, inú rẹ̀ ni iyanrìn náà ń dà sí. Ẹrẹ̀ wa kò rí iyanrìn tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì. Ọwọ́ ènìyàn sì wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ojú omi gba ìhà Awóyè kọjá nítorí epo rọ̀bì, omi iyọ̀ bá ọ̀nà náà wọlé, ó pa igbó tí ń mu omi dídùn, ilẹ̀ tí gbòǹgbò dì mú sì tú. Ní oṣù kìíní 1998, ọ̀pá epo bẹ́ ní Idoho lẹ́bàá òkun Akwa Ibom, epo tí ó tó 40,000 àgbá dà sómi, òkun sì gbé e kọjá etí ilẹ̀ wa títí dé Èkó. Ẹyẹ tí epo bá lẹ̀ mọ́ níyẹ̀ẹ́ kò lè fò dáadáa mọ́, omi yóò sì máa wọ̀ ọ́ lára. Láti nǹkan bí 2004 ni a ti ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ìdènà òkun. Ọ̀rọ̀ ìdènà náà gùn ju ìdènà lọ.

Ṣé kò ṣeé ṣe láti dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa kan ń ṣe é. Ní Mòrìtáníà, níbi tí òkìtì iyanrìn aṣálẹ̀ ti ń wọ inú òkun tààrà, ìjọba ya ibì kan sọ́tọ̀ ní 1976, Banc d'Arguin ni orúkọ rẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1989. Ju mílíọ̀nù 2 ẹyẹ etí omi ni ó ń lo ìgbà òtútù ibẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n ń pè ní Imraguen ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà, wọn kò lé wọn kúrò. Àwọn nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti máa pẹja níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tí aṣọ àti atẹ́gùn ń tì, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀ńjìnnì. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń pẹja, ẹyẹ ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní Nàìjíríà, ibi 11 ni a ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ilẹ̀ olómi ní ìlú Ramsar, ní Iran, ní 1971. Nguru wà níbẹ̀, adágún Oguta wà níbẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ kò sí níbẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nínú ọyẹ́, a tún wọ ọkọ̀ láti Igbókọ̀dá. A fẹ́ rí ibi tí a ta okùn sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wa ọkọ̀ náà kò tíì dáyé ní 1988. A bi í bóyá àwọn ọmọdé ṣì ń mú ẹyẹ òkun. Ó ní wọn kò ráyè, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. A sọ fún un pé bí ó bá rí ẹyẹ tí ó kú, kí ó má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí àìsàn tí ń pa adìẹ ti wọ inú wọn, ní 2022 ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹyẹ yìí ní Holland nìkan. Ṣùgbọ́n bí òrùka bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ó ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Kò sí wàhálà sítáǹbù mọ́, àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fín sí ọ̀pọ̀ òrùka báyìí. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé wọ́n á san owó?" A ní wọ́n á sọ ibi tí ẹyẹ náà ti wá fún un. Ó mirí, kò dá wa lójú pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí ó pa ẹ̀ńjìnnì, ó ní a ti dé ibẹ̀. A wò yíká, omi ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹrẹ̀ wà nígbà náà, tí a ti ń fi ọwọ́ yọ ẹsẹ̀ ara wa, ọkọ̀ wa ń léfòó lórí rẹ̀. Níwájú wa ni òrùlé ilé kan yọrí jáde nínú omi, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, orí páànù náà ni àwọn ẹyẹ òkun tò sí, gbogbo wọn kọjú sí atẹ́gùn, tí fìlà wọn ti sí ẹ̀yìn orí. Ẹ̀gbọ́n ka 41. Àbúrò ka 43. A tún un kà, kò bára mu síbẹ̀.

Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun òrùlé tí nǹkan kan ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àjẹ̀ rọra tì wá súnmọ́ ọn, kí ó má tan ẹ̀ńjìnnì. Ó tì wá díẹ̀, ìgbì dá wa padà. Ó tún tì wá. Ẹyẹ náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi í pamọ́ sínú ìyẹ́ ikùn rẹ̀, a kò sì mọ èwo nínú ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó kù nílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àkókò ìrun Aláàsárì ti ń lọ o, òkun sì ti ń kún.